Ẹ̀jẹ̀ Ta Ni Ẹ Fẹ́ Fà Sí Mi Lára?

Ọkùnrin kan wà tó gbà pé òun nìkan ni Ọlọ́run fi ọṣẹ wẹ̀ kó tó rán òun wá sáyé. Alágbàfọ̀ ni. Aṣọ funfun ló máa ń wọ̀ lójoojúmọ́, kọ́là rẹ̀ a le bíi páálí, ojú ìlà tí áyọ́ọ̀nù fà sára ṣòkòtò rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ lè gé èèyàn lọ́wọ́. Aláìlábàwọ́n ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Àwọn kan fi ń yẹ́ ẹ sí, àwọn kan fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ rẹ̀. Òun ò mọ ìyàtọ̀, ó ń jẹ́ orúkọ náà bí ẹni tí wọ́n fi joyè.

Ká má purọ́ mọ́ ọn, ó mọ iṣẹ́. Epo ni o, yíǹkì ni o, ẹrẹ̀ ni o, ẹ̀jẹ̀ ni o, ó mọ àbàwọ́n tí omi gbóná ń yọ àti èyí tí omi gbóná ń bà jẹ́ pátápátá. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí Ọlọ́run fún un láti fi jẹun, òun ló fi ń fojú tẹ́ńbẹ́lú ọmọnìkejì rẹ̀. Bí oníbàárà bá kó ẹrù dé, a tú u sórí tábìlì níwájú gbogbo èèyàn, a fi ìka méjì gbé kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì sókè bí ẹni gbé òkú eku.

"Ẹ̀yin ará, ẹ wo ọrùn tó ń lọ sí ọ́fíìsì."

Àwọn tó wà ní ṣọ́ọ̀bù a bú sẹ́rìn-ín. Ẹni tó ni ṣẹ́ẹ̀tì náà a fi tipátipá rẹ́rìn-ín, a sì wábi gbà lọ. Aláìlábàwọ́n ní bí òun bá ti rí ìdọ̀tí aṣọ èèyàn, òun ti rí ọkàn onítọ̀hún. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu òmùgọ̀!

Ní ọjọ́ kan, obìnrin aránṣọ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní òdìkejì títì gbé aṣọ ìbùsùn kan wá. Ó ká a mọ́ abẹ́ apá, ó sì rọra ń sọ̀rọ̀ kí ẹlòmíràn má baà gbọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi fọ èyí lọ́tọ̀. Ìyá mi ló..."

Kò jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀. Ó ti já aṣọ náà gbà, ó ti nà án síta lẹ́nu ọ̀nà, ẹ̀jẹ̀ gbígbẹ sì wà láàárín rẹ̀ gbàgàdà.

"Haa! Aránṣọ! Ṣé ẹran lẹ dúńbú sórí bẹ́ẹ̀dì ni?"

Ẹ̀rín sọ. Obìnrin náà gba aṣọ rẹ̀ padà, ó ká a bó ṣe ká a tẹ́lẹ̀, ó sì jáde. Ìyá rẹ̀ ló ń ṣàìsàn, tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀, kò sì pẹ́ lẹ́yìn náà tí ìyá náà fi kú. Nígbà tí Aláìlábàwọ́n gbọ́, ó ní, "Ó mà ṣe o," ó sì gbé áyọ́ọ̀nù rẹ̀, ó ń bá iṣẹ́ lọ.

Ti Mẹkáníìkì tún burú ju ìyẹn lọ. Ọ̀rẹ́ àtikékeré ni àwọn méjèèjì, ilé kan náà ni wọ́n ti jọ dàgbà. Ṣùgbọ́n aṣọ iṣẹ́ Mẹkáníìkì dúdú fún ọ́ìlì, Aláìlábàwọ́n ò sì jẹ́ kó kọjá ẹnu ọ̀nà rí.

"Dúró síbẹ̀ yẹn, jọ̀ọ́. Mò ń gbọ́ ẹ láti ibẹ̀ náà."

Mẹkáníìkì a dúró síta nínú oòrùn, a bá a sọ̀rọ̀ Jésù láti ẹnu ọ̀nà. Ọ̀mùtí paraku lòun náà tẹ́lẹ̀ kí Olúwa tó gbà á là. "Ọ̀rẹ́ mi," ni yóò wí, "o mọ́ lójú wa, a gbà. Ojú Ọlọ́run ńkọ́?"

"Ọlọ́run tó gba ìwọ wọlé pẹ̀lú èékánná yẹn?" Aláìlábàwọ́n a yọ ṣùtì sí i. "Bó bá jẹ́ irú yín ló ń kó jọ, kó máa bá a lọ. Èmi ò lè jókòó ti ọ́ìlì."

Mẹkáníìkì a rẹ́rìn-ín, a kí i, a lọ. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń rí, ọdún ń gorí ọdún.

Àárẹ̀ ló kọ́kọ́ dé. Áyọ́ọ̀nù tó ti ń gbé láti ìgbà tó ti ń kọ́ṣẹ́ wá di ẹrù wúwo lọ́wọ́ rẹ̀. Ara rẹ̀ ń pọ́n, ó ń dúdú káàkiri, ní apá, ní itan, bí ẹni tí wọ́n nà ní pàṣán, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án. Ibà dé, ó lọ, ó tún dé. Bó bá ń fọ eyín, itọ́ rẹ̀ a pọ́n. Nígbà tó ṣe, ó jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó rí ẹ̀jẹ̀ lórí ìrọ̀rí rẹ̀. Imú rẹ̀ ló ti ń ṣẹ̀jẹ̀ lójú oorun.

Kí lẹ rò pé ó ṣe? Ṣé ó pariwo ni? Ṣé ó wá dókítà lọ? Rárá o. Àpò ìrọ̀rí ló fọ̀. Omi tútù ló lò, torí pé omi gbóná a máa se ẹ̀jẹ̀ mọ́ aṣọ lára. Ó fi iyọ̀ sí i, ó fi ọṣẹ ra á, ó rọra fi àtàǹpàkò bó o, ó sì mọ́ láú. Ó gbé e síwájú fèrèsé, ó wò ó síwá sẹ́yìn, inú rẹ̀ dùn. Lójú tirẹ̀, ó parí nìyẹn. Alágbàfọ̀ nìkan ló lè ya irú gọ̀ǹgọ́sú bẹ́ẹ̀: àbàwọ́n ti lọ, kí ló tún kù?

Ní ọjọ́ kejì, ẹ̀jẹ̀ tún wà níbẹ̀. Ó tún fọ̀ ọ́. Bó ṣe di iṣẹ́ òòjọ́ nìyẹn, kí ìyàwó rẹ̀ tó jí, ó ti wà nídìí omi. Ó fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá.

"Bàbá àwọn ọmọ," ni ìyàwó rẹ̀ wí, "ìrọ̀rí lójoojúmọ́? Kí ló dé?"

"O ò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ìmọ́tótó ni."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó dúró nídìí tábìlì, ó ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì, ojú rẹ̀ ṣú, ó sì wó lulẹ̀. Áyọ́ọ̀nù jókòó sórí ṣẹ́ẹ̀tì oníṣẹ́ẹ̀tì, ó jó o luhò. Àwọn tó máa ń bá a rẹ́rìn-ín ní ṣọ́ọ̀bù dúró, wọ́n ń wò ó, wọ́n ń sọ pé kí ẹnì kan ṣe nǹkan. Mẹkáníìkì ló sáré dé, ó gbé e sẹ́yìn ọkọ̀ rẹ̀, láàárín táyà àti agolo ọ́ìlì, ó sì wà á lọ sílé ìwòsàn. Ọjọ́ náà ni Aláìlábàwọ́n jókòó ti ọ́ìlì.

Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n ki abẹ́rẹ́ gígùn bọ eegun ìdí rẹ̀, wọ́n fa mùdùnmúdùn inú rẹ̀ jáde, ó ké bí ọmọdé. Lẹ́yìn náà ni dókítà wá jókòó tì í. Obìnrin ni, kì í fi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀.

"Bàbá, jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ ni. Inú eegun lara ti ń ṣe ẹ̀jẹ̀, ibẹ̀ gan-an ló ti bàjẹ́. Èyí tí kò wúlò ń pọ̀ sí i níbẹ̀, ó sì ń fún èyí tó dára pa."

"Ẹ̀jẹ̀ ta ló bàjẹ́?" Aláìlábàwọ́n dìde jókòó. "Dókítà, ẹ lọ tún un wò. Ẹ ti pa tèmi pọ̀ mọ́ ti ẹlòmíì ni. Mi ò mutí, mi ò fa sìgá, ẹ̀ẹ̀mejì ni mò ń wẹ̀ lójúmọ́!"

"Ìwẹ̀ kì í dé inú eegun, Bàbá. Kì í sì í ṣe ẹ̀bi ẹnikẹ́ni. Ìtọ́jú wà, ṣùgbọ́n ó le, lónìí la sì máa bẹ̀rẹ̀."

Ẹ̀rù bà á nígbà náà. Ẹ má ṣì mí gbọ́ o: mi ò ní ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ló fa àìsàn náà. Àìsàn ń ṣe olódodo, ó ń ṣe ọmọ ọwọ́. Àìsàn kàn wá bá ìgbéraga rẹ̀ nílé ni, ó sì fi ìgbéraga náà han gbogbo ayé.

Ó hàn kíá. Nínú wọ́ọ̀dù, ó ní kí ìyàwó òun gbé aṣọ ìbùsùn wá láti ilé, torí pé ti ilé ìwòsàn ti gbé òkú rí. Ó ní ẹni tó wà lápá ọ̀tún òun ń rùn. Ó ní ẹni tó wà lápá òsì ń wúkọ́ bí ewúrẹ́. Wọ́n fa oògùn sí i lára láti inú àpò tó rọ̀ sókè, oògùn náà ò sì mọ èèyàn ńlá. Irun orí rẹ̀ já sílẹ̀. Ẹnu rẹ̀ bó débi pé omi lásán ń ta á. Ó ń bì, ó ń ṣu sára, nọ́ọ̀sì tó ti bú pé bàtà rẹ̀ ò mọ́ ló ń nù ún nídìí. Síbẹ̀, ẹnu rẹ̀ ò dákẹ́.

Oògùn yìí ń pa ẹ̀jẹ̀ burúkú, ó sì ń pa èyí tó dára mọ́ ọn. Èyí tó máa ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dì lójú egbò tán nínú rẹ̀, imú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ̀jẹ̀, kò sì dá mọ́. Dókítà ní kí wọ́n wá àwọn tó máa fẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ kíákíá. Ìyàwó rẹ̀ sáré káàkiri. Àwọn abániwẹ́rìn-ín ńkọ́? Ẹ̀yìn ń dun ọ̀kan, ọ̀kan ń rìnrìn àjò, ọ̀kan ní ẹ̀rù abẹ́rẹ́ ń ba òun. Ẹ̀rín nìkan ni wọ́n ní fún un tẹ́lẹ̀, ẹ̀rín náà sì ti tán. Èèyàn méjì péré ló wá na apá sílẹ̀, Mẹkáníìkì àti Aránṣọ. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn méjèèjì wò, ó bá tirẹ̀ mu.

Nọ́ọ̀sì gbé àpò ẹ̀jẹ̀ dé, ó ń gbé e kọ́ sókè. Aláìlábàwọ́n na ọwọ́ dí i.

"Ẹ dúró ná. Ẹ̀jẹ̀ ta ni ẹ fẹ́ fà sí mi lára?"

"Ẹ̀jẹ̀ tó bá tiyín mu ni, sà."

"Mo ní ti ta ni!"

Ìyàwó rẹ̀ ló dá a lóhùn. "Ti Mẹkáníìkì ni. Ti Aránṣọ ló máa tẹ̀ lé e."

Ọkùnrin yìí fa apá rẹ̀ sábẹ́ aṣọ. "Ẹ gbé e lọ. Mo ti rí kọ́là Mẹkáníìkì, mo ti rí bẹ́ẹ̀dì Aránṣọ. Mi ò lè jẹ́ kí wọ́n da omi ìdọ̀tí sí mi lára."

Ìyàwó rẹ̀ wò ó, ó sì pòṣé.

"Ẹ̀jẹ̀ ń jáde nímú yín, ẹ ń yan ẹ̀jẹ̀ bí ẹni yan bàtà. Kí lẹ ní tí ẹ fi ń yàn? Ta ló kù tó fẹ́ràn yín? Ìtìjú yín mú mi, Bàbá àwọn ọmọ. Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ yín ni ìtìjú yín ti ń mú mi, lónìí ni mo tó sọ ọ́." Ó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"A ò lè fipá fún yín," ni dókítà wí. "Ṣùgbọ́n bí ẹ̀jẹ̀ yìí bá dà sínú ọpọlọ yín, ọ̀rọ̀ tán nìyẹn. Àpò yìí náà ò sì lè pẹ́ níta. Ẹ tètè pinnu." Òun náà kọjá sọ́dọ̀ ẹlòmíràn.

Ibẹ̀ ni Mẹkáníìkì wọlé. Òwú wà ní ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ níbi tí wọ́n ti gba ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀wù funfun kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, èyí tí Aláìlábàwọ́n ti fi ẹ̀jẹ̀ bà jẹ́ láàárọ̀, tí nọ́ọ̀sì bọ́ lọ́rùn rẹ̀ sọ sílẹ̀. Mẹkáníìkì ti mú un lọ fọ̀ nídìí ẹ̀rọ omi lẹ́yìnkùlé, ó sì ti sá a gbẹ. Àyà ẹ̀wù náà ní àbàwọ́n kan tó fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́ méjì, ó ti pọ́n rúsúrúsú.

"Ta ló fi omi gbóná fọ ẹ̀jẹ̀?" ni aláìsàn náà pariwo.

"Èmi ni. Mo bẹ nọ́ọ̀sì fún un. Mo rò pé gbígbóná ló máa yọ ọ́." Mẹkáníìkì wo ẹ̀wù náà. "Ṣé ó ti bàjẹ́ ni?"

"Ó ti bàjẹ́ pátápátá! Kò sí ọṣẹ tó lè yọ ọ́ mọ́ láyé!"

"Ẹ̀ẹ́. Má bínú, ọ̀rẹ́ mi. Mi ò mọ aṣọ fọ̀. Mo kàn rí i pé kò sẹ́ni tó máa bá ẹ fọ̀ ọ́ ni."

Òtútù ń mú Aláìlábàwọ́n, ibà ń gbọ̀n ọ́n, kò sì sí ẹ̀wù míì nítòsí. Mẹkáníìkì fi ọwọ́ rẹ̀ tó dúdú ní èékánná wọ ẹ̀wù náà sí i lọ́rùn, ó sì de bọ́tìnnì rẹ̀. Aláìlábàwọ́n wolẹ̀, ó rí àbàwọ́n náà ní àyà ara rẹ̀. Ohùn ara rẹ̀ ló gbọ́ nínú orí: ṣé ẹran lẹ dúńbú sórí bẹ́ẹ̀dì ni? Ó gbójú sókè, ó ń retí kí wọ́ọ̀dù bú sẹ́rìn-ín. Ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín. Ẹni apá ọ̀tún tí ó ti bú pé ó ń rùn ń wò ó pẹ̀lú àánú. Ìyẹn ló dùn ún jù.

"Aránṣọ yẹn dà?" ló béèrè.

"Ó wà lóde, ó ń sinmi."

"Ṣé ó mọ̀ pé èmi ni?"

"Ó mọ̀ dáadáa. Èmi náà bi í pé kí ló dé tó fi wá. Ó ní òun mọ bó ṣe ń rí kéèyàn jókòó ti ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀, òun ò sì fẹ́ kí ìyàwó ẹ rí irú ìyẹn."

Aláìlábàwọ́n fọwọ́ bojú.

"Gbọ́ mi," ni Mẹkáníìkì wí, ó sì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kò dúró sẹ́nu ọ̀nà mọ́. "Ẹ̀jẹ̀ tèmi ò lè gba ọkàn ẹ là. Bóyá á fi ọjọ́ díẹ̀ kún ọjọ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ẹnì kan wà tó mọ́ ní tòótọ́, kì í ṣe bíi tìẹ, kì í ṣe bíi tèmi. Wọ́n tutọ́ sí i lójú, wọ́n bọ́ ọ síhòòhò, wọ́n fi í rẹ́rìn-ín, ó sì ń ta ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn tó ń rẹ́rìn-ín gan-an. Ọ̀mùtí ni mí nígbà náà, inú èébì ara mi ló ti bá mi. Ìwọ ń béèrè pé ẹ̀jẹ̀ ta ni. Jésù ò béèrè pé nítorí ta ni òun fi ń ta tòun sílẹ̀."

Ọkùnrin agbéraga náà sunkún. Kì í ṣe ẹkún ìrora, ó ti sun ìyẹn tán. Ojú ara rẹ̀ ló tì í. Ó rí i pé gbogbo ọjọ́ ayé òun, ara aṣọ ẹlòmíràn lòun ti ń wá ìdọ̀tí, tí ọkàn òun sì ń rùn.

"Olúwa," ló wí, ohùn rẹ̀ ò ju ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lọ, "ẹlẹ́gbin ni mí. Mo fi àwọn tó sàn jù mí lọ ṣẹ̀sín. Mo fi ìwọ náà ṣẹ̀sín. Mi ò ní nǹkan kan tí mo lè fi bẹ̀ ọ́. Jésù, gbà mí bí mo ṣe rí yìí."

Ó yọ apá rẹ̀ jáde lábẹ́ aṣọ. "Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá fà á."

Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ Mẹkáníìkì ń kán wọ inú rẹ̀, ó ní kí wọ́n pe Aránṣọ wá. Ó bẹ̀ ẹ́. Obìnrin náà dúró lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ó gbọ́ ọ dópin.

"Mo gbọ́," ló wí. "Ṣùgbọ́n ẹ má tíì kú ná, sà. Iwájú ṣọ́ọ̀bù lẹ ti sọ tọjọ́ yẹn. Iwájú ṣọ́ọ̀bù ni mo ti fẹ́ gbọ́ èyí náà."

Kò kú. Ìtọ́jú náà pẹ́, ó le, ó sì tún wó lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan tí gbogbo wọn rò pé ó ti lọ. Lẹ́yìn-ọ-rẹyìn, dókítà ní òun ò rí èyí tó burú nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ yé wá fún àyẹ̀wò, torí pé ó lè padà. Aláìlábàwọ́n ní, "Bó padà, bí kò padà, mo ti mọ ọ̀dọ̀ ẹni tí mò ń lọ."

Ọjọ́ tó délé, ó ní kí ìyàwó rẹ̀ fa òun lọ́wọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, orí rẹ̀ pá. Àwọn abániwẹ́rìn-ín ti pé síbẹ̀. Ó pe Aránṣọ láti òdìkejì títì, ó kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ṣòkòtò funfun, ó sì sọ gbogbo ohun tó ṣe sí i àti sí ìyá rẹ̀ tó kú, láìyọ ọ̀kan sílẹ̀. Àwọn kan nínú wọn rẹ́rìn-ín. Ó jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Aránṣọ fi ọwọ́ méjèèjì gbé e dìde, ó ní, "Ó tó, ẹ̀gbọ́n mi. Ó ti tán."

Ìwọ tó ń ka ìwé yìí, mo mọ̀ pé ìwọ náà ti ń yọ ṣùtì sí Aláìlábàwọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀. O ní, "Ọkùnrin yìí mà ya dìndìnrìn o!" Ìwọ ńkọ́? Ìwọ tó mọ ẹni tó ń ṣe àgbèrè ládùúgbò, tó mọ ọmọ ta ló ń jalè, tó mọ olórin ìjọ tó ń purọ́, ta ló yàn ọ́ ṣe alágbàfọ̀ gbogbo ayé? Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run mọ̀. Ó ti rí inú rẹ. Ìwà rere tí o fi ń bò ó kò tàn án jẹ.

O ní o kì í ṣe èèyàn burúkú. Ohun tí òun náà sọ fún dókítà nìyẹn. O ní o máa ronú sí i tó bá yá. Ta ló bá ọ ṣàdéhùn pé yóò yá? Ta ló sọ fún ọ pé inú wọ́ọ̀dù ni ìwọ náà yóò ti ráyè, tí ọ̀rẹ́ kan yóò jókòó tì ọ́, tí ohùn yóò ṣì wà lọ́fun rẹ láti fi pe Jésù?

Òun ló ń pè ọ́ yìí. Kò béèrè irú ẹni tí o jẹ́, ó ti mọ̀, ó sì ti kú fún ọ náà. Jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ fún un, fi wọ́n sílẹ̀, gbà á gbọ́, níbi tí o wà yìí, lónìí. Má wulẹ̀ ṣe àwáwí kankan fún un. Gbogbo rẹ̀ ló ti gbọ́ rí, lẹ́nu àwọn tó ti kú. Kúnlẹ̀.